Omikan Àlàsàn

Àlàsàn ará Kambolé kò jókòó sórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ rí títí ó fi kú. Oko iṣu rẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n láti Goubi dé Sokodé, kò sí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tó pọ́n tí kò lè sọ di funfun, ẹnu ara rẹ̀ ni ó sì fi ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ọjọ́ tó ń lọ sílé ọkọ Ràhámátù ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò Komah ní Sokodé ni kò sẹ́ni tó gbàgbé. Ràhámátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin ni. Ìpẹtà inú omi kànga ti sọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ilé náà di pupa kí wọ́n tó gbé Ràhámátù níyàwó wọ ibẹ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀bùn. Ìyá ọkọ rẹ̀, Alájà Ṣìkírà, wá là á mọ́lẹ̀: bí àwo náà kò bá funfun kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, ilé ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ni wọn yóò ti kó ọmọ jáde. Ràhámátù fi ẹkún pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ọmọ ta ni wọ́n pè ní ọ̀bùn?" ni Àlàsàn wí. "Mò ń bọ̀ lọ́la."

Ó rọ omikan, omi kíkan orí ògì, kún bídọ́ọ̀nù kan, ó sì dé e pinpin.

Jàríátù ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ràhámátù, ẹ dẹ ìdérí yẹn. Ó ń hó."

"Èmi ni mo rọ ọ́. Bí mo bá ní kó dákẹ́, yóò dákẹ́."

Ó dákẹ́ títí alùpùpù fi gbé òun àti Àlàsàn dé ọjà Tchamba. Níbẹ̀ ni òòrùn ti mú un. Ìdérí fò, ó dún bí ìbọn. Ọlọ́jà sá, oníbàárà sá, ṣọ́jà kan tó ń ra ẹ̀pà dojú bolẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, Àlàsàn ni wọ́n rí nínú jàlàbíà funfun, tí omikan ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kí lẹ sá fún?" ó ní. "Ohun tó ṣe ìdérí báyìí, kí lẹ rò pé yóò ṣe fún ìdọ̀tí?"

Ìdajì ti ṣòfò. Ó lọ ra òroǹbó wẹ́wẹ́ tí yóò fi kún èyí tó kù. Obìnrin tó ń tà á wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ fún jàlàbíà yín, ẹ óò rí ìdajì yòókù."

Bó ṣe wọ agbo ilé ní Komah, Alájà Ṣìkírà fi imú fa afẹ́fẹ́ nínú yàrá. "Ta ló ń kiri ògì wọ ilé mi?"

"Àna yín ni," ni Àlàsàn dáhùn.

Ó ní kí wọ́n fi àwo náà han òun. Ó gbóòórùn rẹ̀. "Ẹ ti da jafẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi ń bó aṣọ funfun sí i?"

"Àárọ̀ yìí náà ni," ni Ràhámátù wí.

Ó ṣí fèrèsé, ó da omi sí i lákọlákọ títí òórùn náà fi lọ. "Jafẹ́ẹ̀lì àti ohun kíkan, orogún ni wọ́n. Bí wọ́n bá pàdé nínú yàrá, ẹni tó wà láàárín wọn ni yóò kú."

Alájà, tó ti ní orogún rí, mi orí pé òótọ́ ni fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àlàsàn fi ife gbọ́n omi ọ̀fun àwo náà gbẹ. Ó rẹ àkísà sínú omikan àti òroǹbó, ó fi lẹ ìpẹtà bí ẹni di egbò. Ó wá gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Láti ìrun àyílà títí di ìrun aláàsárì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé.

Kò pẹ́ tí Alájà fi yọ pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́. "Àna, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó kù díẹ̀, Alájà."

"Àna, mo ti dàgbà."

"Ìpẹtà náà ti dàgbà."

Alájà Ṣìkírà, tó máa ń sọ pé òun kì í tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ aládùúgbò, gbé kẹ́tùlù rẹ̀, ó sáré lọ sílé kejì.

Lẹ́yìn aláàsárì, Àlàsàn ṣí àkísà, ó fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́, ó da omi sí i. Àwo náà funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Alájà wò ó pẹ́. Ó jáde sí gbàgede, ó pariwo kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ibí la óò ti kó ọmọ jáde! Ẹni tó bá tún pe ìyàwó mi ní ọ̀bùn, èmi àti ẹ̀ ni!"

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Àlàsàn, ti Tchamba ni àwọn akíni ń sọ, gbogbo ilé sì ń rẹ́rìn-ín. Ràhámátù bá wọn rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ọ̀rọ̀ Tchamba kọ́ ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ fọ àwo ní Komah ni, nígbà tí Alájà na ọwọ́ sí àwo funfun náà, tó ní, "Àna, ẹ̀yin ló tọ́ kí ẹ kọ́kọ́ jókòó sí i."

"Rárá o. Ẹni tó ń gbá mọ́ṣáláṣí, kò di dandan kó jẹ́ lèmọ́mù."

Ó jókòó padà sórí àpótí, ó gba ọmọ náà sórí jàlàbíà tí omikan ti mú le gbagidi. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ìyá rẹ kì í ṣe ọ̀bùn," ó sọ fún un, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ orúkọ rẹ̀ fún un.

Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó mú bídọ́ọ̀nù òfìfo, ó dìde, ó sì lọ.