Ògiri Tí Àṣàbí Rẹ́

Apá òsì bàbá mi kò nà tán títí ó fi kú. Bí ó bá fẹ́ wọ aṣọ, ìyá mi ni yóò bá a fa apá náà gba inú ọwọ́ ẹ̀wù, bàbá mi á sì máa ṣépè. Àṣàbí ló ṣẹ́ ẹ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Àṣàbí, ọmọ Ìperu tí wọ́n gbé wá fún ọkọ ní Ìbídò, nínú Ṣàgámù níbí. Àwọn ará ilé wa kì í fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ìtìjú ìdílé ni. Èmi Láídé gbà pé ìtìjú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe obìnrin náà ló ni ín.

Ilé rírẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti mọ ilé alámọ̀ tán, ńṣe ni ènìyàn kàn ń wọ inú rẹ̀ bí ewúrẹ́. Irọ́ ni! Ọkùnrin ló ń mọ ògiri, ní ipele ipele, wọn a jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òjò méjì péré ni yóò jẹ ojú rẹ̀ tán. Obìnrin ló ń rẹ́ ẹ. Àṣàbí a lọ kó bọ́tọ́, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, ní Sábó, a pò ó mọ́ amọ̀ àti eérú, a wá fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀. Bí ó bá gbẹ díẹ̀, a fi òkúta odò dán an. A tún fi omi èèpo igi tí ó ti sè títí tó fi pọ́n kùn ún lójú. Ní ti ilẹ̀, igi pẹlẹbẹ kan wà tó fi ń lù ú kí ó lè le, igi náà gùn tó apá ènìyàn, ó sì wúwo. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ilé ńlá kan ní Ìbídò tí ọwọ́ Àṣàbí kò sí lára rẹ̀.

Ó lágbára, inú rẹ̀ sì máa ń yára bí. Ìdíátù, aládùúgbò wa, tẹ ilẹ̀ tí kò tíì gbẹ lọ́jọ́ kan, Àṣàbí fọ́ ọ létí débi pé ìdí rẹ̀ ló fi jókòó sínú agbada bọ́tọ́. Ìdíátù kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko. Àṣàbí ní ara tu òun lọ́dún náà.

Ilé àtijọ́ ni ilé wa nígbà náà. Àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, àwọn yàrá sì ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọdẹ́wálé, ọkọ Àṣàbí, já láti orí ọ̀pẹ lọ́dún 1940, ó kú, wọ́n sì sin ín sínú yàrá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe. A kì í gbé òkúta tàbí àmì kankan lé sàréè inú ilé. Ẹni tó ń sùn nínú yàrá ló mọ ibi tí orí wà àti ibi tí ẹsẹ̀ wà. Olúṣẹ́gun, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí fún Ọdẹ́wálé, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá mi, Akínyọdé, fẹ́ ṣú Àṣàbí lópó. Omi gbígbóná ni Àṣàbí dà lé e lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ìdílé wá sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé yàrá Ọdẹ́wálé ti di ti Olúṣẹ́gun, kí ìyá rẹ̀ máa bá a tọ́jú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni Àṣàbí ń rẹ́ ilẹ̀ yàrá yẹn. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé ni kí ọmọ rẹ̀ dàgbà bá yàrá bàbá rẹ̀ lórí ìdúró.

Nígbà tó di ọdún 1954, obì tà, gbogbo àwọn tó ń ta gbànja ní Ṣàgámù sì ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Bàbá mi náà ń ta gbànja. Ó ní ojú ti òun láti máa gba àlejò lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òun ti ní àga onítìmùtìmù àti kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Ó pe Yúnúsà bíríkìlà. Bàbá mi fẹ́ òdòdó sìmẹ́ńtì lára ògiri, òpó róbótó, àti kìnnìún méjì lẹ́nu ọ̀nà, bí ilé àwọn Àgùdà tó rí ní Èkó. Yúnúsà ní ìyẹn ti di ilé arúgbó, pé ògiri gbalaja láìsí òdòdó, bákónì kọnkéré àti fèrèsé gíláàsì ni ayé ń kọ́ báyìí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi jà lórí kìnnìún. Wọ́n wá fẹnu kò sí kìnnìún kan. Kò sí ẹni tó rántí bi Àṣàbí léèrè nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé kan ni àwọn lébìrà dé. Wọ́n ká páànù gbogbo ilé kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dígà wó yàrá láti iwájú bọ̀ wá sẹ́yìn. Sábó ni Àṣàbí wà. Ó dé, ó rí ojú sánmà nínú yàrá ọkọ rẹ̀, ó sì rí lébìrà kan tó ti gbé dígà sókè. Igi tó fi ń lu ilẹ̀ wà lára ògiri. Ó gbé e. Ó fi gbá lébìrà náà lẹ́nu, eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Èkejì fẹ́ gba igi náà, ó gbá a ní orúnkún, ọ̀gbẹ́ni náà fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá jáde. Ni bàbá mi bá dá sí i.

Ó ní, "Ìyàwó, kúrò lójú ọ̀nà!" Ó sì gbá a létí.

Àṣàbí kò pe orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí n pa yín."

Bàbá mi tún gbá a létí. Àṣàbí fi igi náà sọ̀ ọ́ lápá. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Bàbá mi wó lulẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé, ìyá mi sì fò mọ́ Àṣàbí, ó bù ú jẹ léjìká. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà, ó yẹ kí n gbọ́n. Mo gbé ọmọ odó, mo sọ ọ́ mọ́ ọn lórí láti ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Ó yíjú padà, ó rí i pé èmi ni, kò sì lù mí. Ó dùn mí títí di òní pé kò lù mí.

Ó fi ìdí ti ògiri, ó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú. Ó ní, "Yàrá Olúṣẹ́gun rè é. Bí dede yín, gbogbo yín pátá, bá fẹ́ wó o, ẹ lọ pè é wá, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ létí mi."

Nígbà tí àwọn àgbà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ohun tó sọ tọ́. Ìyókù ilé ti wó, yàrá kan yẹn nìkan ló dúró láìlórùlé láàárín àlàpà. Inú rẹ̀ ni Àṣàbí gbé gbogbo ìgbà òjò, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo igun kan. Bí òjò bá jẹ ògiri lónìí, a rẹ́ ẹ lọ́la. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Àwọn lébìrà a dúró lókèèrè, wọn a máa sọ òkò lù ú, òun náà a máa sọ ọ́ padà, ó sì ń bà wọ́n ju bí wọ́n ṣe ń bà á lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, a ní òun ń retí ọmọ òun.

Bàbá mi gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó wọ ọkọ̀ lọ bá Olúṣẹ́gun ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé. Ó ṣèlérí yàrá iwájú lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì fún un, èyí tó ní bákónì.

Olúṣẹ́gun dé lọ́jọ́ Sátidé kan pẹ̀lú bàtà dúdú lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa jáde. Inú Àṣàbí dùn débi pé ó fi ọwọ́ tí bọ́tọ́ wà lára rẹ̀ dì mọ́ ọn. Olúṣẹ́gun rọra já ọwọ́ náà kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ kó jáde níbẹ̀. Mo ti fọwọ́ sí i."

"Ta ló ní kóo fọwọ́ sí i?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Ẹ wo ara yín nínú ìgbẹ́ màlúù. Mi ò lè mú ẹnikẹ́ni wá sílé."

"Bàbá wẹ ńkọ́, bàbá rẹ tó wà nílẹ̀ níbí?"

"Ilẹ̀ náà ni yóò ṣì wà. Yàrá tèmi ni, àbí tèmi kọ́?"

Àṣàbí ní, "Tìẹ ni."

Olúṣẹ́gun gba dígà lọ́wọ́ lébìrà, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri, odidi abala kan sì ya lulẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ pupa rẹ̀. Àṣàbí lọgun. Ó já dígà náà gbà, ó gbé e sókè, Olúṣẹ́gun fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Gbogbo wa rò pé ó ti pa á. Ògiri ló sọ ọ́ mọ́. Ó tún sọ ọ́. Ó ń wó o, ó ń bú u, ó ń bú Ọdẹ́wálé tó gun ọ̀pẹ, ó ń bú inú ara rẹ̀ tó gbé oyún. Olúṣẹ́gun dì í mú láti ẹ̀yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́. Àṣàbí gbé dígà sẹ́yìn láti tún gbá ògiri, ẹnu dígà wọ ọmọ náà nítan. Ó wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì kọjú padà sí ògiri. Ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn mọ́ títí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi wó.

Ó ju dígà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Mo ti bá ẹ wó ilé wẹ. Ẹ máa kọ́ ọ." Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìperu lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ọdún 1957 ló kú lọ́hùn-ún. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ti parí nígbà náà, kìnnìún kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Olúṣẹ́gun gbé òkú rẹ̀ wá, ó ń tiro, ó ní dandan ni kí wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ bàbá òun. Wọ́n tẹ́ òkú sórí ẹní ní ìta, wọ́n wọ pálọ̀ tí wọ́n kọ́ sí ibi yàrá náà lọ láti wá sàréè Ọdẹ́wálé. Bàbá mi ní abẹ́ àga ńlá ni. Yúnúsà ní abẹ́ àtẹ̀gùn ni. Olúṣẹ́gun ní ibi fèrèsé ni, ṣùgbọ́n fèrèsé wo? Kò sí ògiri kan tí ènìyàn lè fi wọn ibẹ̀ mọ́. Wọ́n fọ́ kọnkéré níbi mẹ́ta, wọ́n walẹ̀ títí, erùpẹ̀ lásán ni wọ́n rí. Yúnúsà pariwo pé bí wọ́n bá tún fọ́ ọ, ilé á wó pa gbogbo wa.

Olúṣẹ́gun fún bàbá mi lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ ti kọ́lé lé bàbá mi lórí!"

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i!" Bàbá mi fi apá tó kù fún un gbé ṣọ́bìrì, ó là á mọ́ ọn lórí. Wọ́n yí sínú ọ̀kan nínú ihò náà, wọ́n ń jẹ ara wọn, gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù fọ́ dànù, òkú Àṣàbí sì wà níta pẹ̀lú àwa obìnrin.

A gbé e padà sí Ìperu. Yúnúsà fi sìmẹ́ńtì dí àwọn ihò náà. Olúṣẹ́gun kò gbé yàrá iwájú náà rí. Èmi ni mo ń gbé ilé náà báyìí, èmi tí mo lu Àṣàbí lórí. Àràárọ̀ ni mo ń gbá pálọ̀ yẹn, mi ò sì mọ̀ bóyá orí Ọdẹ́wálé ni mò ń tẹ̀.