Màámi Ní Kó Jẹ Ẹ́

Ta ló rán màámi wá sí Oǹdó? Èmi kọ́. Mo ní kó jókòó sílé ní Àkúrẹ́, ó fárí gá, ó ní ọmọ òun ò ní dá lọ bá àjèjì figa gbága. Ọdún ìyà ni, tí ẹni tó bá rí gààrì mu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ń dúpẹ́. Àbúrò mi ti parí ilé ìwé, kò ríṣẹ́. Ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì yìí nìkan ló kù: ẹni tó bá borí ní àṣekágbá, ìjọba ìpínlẹ̀ á gbà á síṣẹ́, á máa bá ẹgbẹ́ wọn ta á.

Èmi ni mo kọ́ ọ. Ní àṣekágbá náà, òun ta funfun. Tíṣà kan, ará Oǹdó, ta dúdú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ ogun méjì kojú ara wọn láàárín, ẹṣin jáde, bíṣọ́ọ̀bù wa tẹ̀ lé e. Ni tíṣà bá gbé ẹṣin tó ń ṣọ́ ọmọ ogun rẹ̀ kúrò, ó fi ọmọ ogun náà sílẹ̀ gbayawu, ó wá ń wo àjà. Ìdẹ ni, mo mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi náà fura, ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Òǹwòran ò sì gbọdọ̀ lanu nídìí ṣẹ́ẹ̀sì.

Màámi ò mọ̀ ju ayò lọ. Nídìí ayò ilé wa, òǹwòran ló ń sọ̀rọ̀ ju àwọn tó ń ta lọ.

Ó ní, “Jẹ ẹ́. Ó ti fi í sílẹ̀ fún ẹ, kí lò ń wò?”

Adájọ́ jágbe mọ́ ọn, ó ní bó bá tún sọ̀rọ̀, ìta ló máa bá ara rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ta ni ìyá rẹ̀ máa pàṣẹ fún lójú èrò tí kò ní ṣe é? Àbúrò mi jẹ ẹ́.

Ayaba dúdú já síta. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ni mo ti rí kí wọ́n tó ṣe é, mi ò sì lè ṣe nǹkan kan. Tíì tí adájọ́ ń mu ò tíì tutù tí ẹṣin dúdú fi fò wọlé, tí ọba wa há sáàárín àwọn ará ilé rẹ̀, kò síbi tó máa yà sí. Tíṣà borí.

Nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́, màámi di ọwọ́ àbúrò mi mú.

Ó bi mí pé, “Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Mo rí i, òun ló kọ́kọ́ jẹ.”

Kí n tó lanu, àbúrò mi ti dá a lóhùn.

“Wọ́n á ránṣẹ́, màámi.”