Bàbá Ó-Tì, Oníkókò Pupa

Èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ nípa Bàbá Ó-Tì ni ti ọjọ́ tó kẹ̀yìn sí oníbàárà tó wọ bàálù láti òkè òkun wá ra kókò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ àjàgbé ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Páálí kún ilé ìkẹ́rù dé òrùlé, kókò pupa kéékèèké tí wọ́n ti gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, tí àwọn kan sì ti ń hù. Àwọn ará àdúgbò ò ka kókò pupa sí. Bí obìnrin oníbàárà yìí ò bá rà á, a jẹ́ pé yóò jẹrà síbẹ̀ nìyẹn.

Ọmọbìnrin bàbá ló ń ṣe ògbufọ̀. Oníbàárà dárúkọ iye tó fẹ́ san, ó sì ju èyí tí ọmọ ń retí lọ. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.

"Ó tì o," ni bàbá wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, owó yẹn dáa."

"Mo mọ̀ pé ó dáa. Ṣé torí pé ó dáa la ò ní í nájà ni?"

Ló bá dìde, ó jáde. Ẹni tó bá ti nájà rí mọ̀ pé irú lílọ báyìí kì í ṣe lílọ. Ẹsẹ̀ á máa lọ, etí á wà lẹ́yìn, títí wọn á fi pe èèyàn padà. Ṣùgbọ́n níbi tí oníbàárà yìí ti wá, ẹni tó bá ń lọ, ó ń lọ náà nìyẹn. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì pa báàgì rẹ̀ dé.

Ọmọ rí i. Ó sáré jáde, ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tó ń rìn bí ẹni tí bàtà há lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ó ti ń kó ẹrù rẹ̀ o!"

"Ṣé ó ti pè mí?"

"Wọn kì í pe èèyàn padà nílùú tiwọn!"

"Irọ́ ni. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ra nǹkan?"

Ọmọ tún sáré wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pe bàbá mi padà."

"Ṣé èmi ni mo lé e ni?"

"Rárá, mà. Ẹ ṣáà pè é."

Obìnrin náà wo ọmọ, ó wo páálí, ó sì bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ padà wá!" Kó tó pa ẹnu dé, bàbá ti jókòó sórí àga. Iye tí obìnrin náà kọ́kọ́ dá gan-an ló gbà, kò fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Ní ilé ìwòsàn pàápàá, nígbà tí ara rẹ̀ ò yá, dókítà ní kó máa lo oògùn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. "Ó tì o," ni bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ká fi sí ẹ̀ẹ̀kan, n ó máa fi omi púpọ̀ mu ún." Ó ti dé ẹnu géètì kí nọ́ọ̀sì tó rántí pè é.

Ìgbà tí wọ́n ń wa kókò ni bàbá kú. Ilé ìkẹ́rù tún kún, ó ku ọmọ nìkan, kò sì mọ̀ bóyá oníbàárà á ṣì fẹ́ bá òun ṣòwò. Nígbà tí obìnrin náà pè lórí fóònù, ọmọ sọ fún un pé bàbá ti lọ.

"Ó dùn mí gan-an," ni obìnrin náà wí. "Èló lẹ fẹ́ tà á?"

Ìbẹ̀rù mú kí ọmọ pe owó gọbọi, kó lè rí ibi tí yóò ti bọ́ sílẹ̀.

"Mo gbà," ni oníbàárà wí.

Kókò ti tà, òwò ò sì ní í bàjẹ́. Ó yẹ kí inú ọmọ dùn, àmọ́ ẹkún ló sun.

"Mà, ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ yẹn," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ná an."

Obìnrin náà wúkọ́, ó ní kókò náà ti wọ́n jù, àti pé olè ni ọmọ. Ọmọ nu ojú, ó ní ẹni tí ò lówó lọ́wọ́ kó lọ ra iyanrìn. Wọ́n jà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún jà. Iye tí wọ́n padà fẹnu kò sí kéré sí ti àkọ́kọ́ dáadáa. Bàbá ìbá pariwo lé ọmọ lórí nítorí owó yẹn, inú rẹ̀ ìbá sì dùn gan-an.