Ọmọ Àparò Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀yìn

Òórùn kẹrosíìnì àti oúnjẹ ẹyẹ ló máa ń kún yàrá ẹ̀yìn nínú ilé tí mo gbé ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ìyàwó onílé ló ń sin àparò níbẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, á máa fi ohùn àwọn ará Oǹdó pè wọ́n: "Kírí, kírí, ẹ máa bọ̀ o." Gbogbo wọn á sáré jọ.

Ó kó ẹyin wọn sínú àpótí onípákó tí àtùpà ń mú gbóná, kí wọ́n lè pa, kò sì pẹ́ sí i ló kú lójijì. Wọ́n gbé e lọ sin sí Oǹdó, ìlú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta àwọn àparò tó wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí àpótí yẹn. Èmi ni mò ń bu epo sí àtùpà rẹ̀. N ò lè sọ pé àánú ni, bóyá mo kàn fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló jáde. Kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì là sọ́tùn-ún sósì, bí ti ẹni tó yọ̀ ṣubú lórí símẹ́ńtì tí omi ọṣẹ dà sí. Onílé gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí.

"Kọ́pà," ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń pè mí, "má jẹ́ kó kú. Ẹyin yẹn ni ohun ìkẹyìn tí ọwọ́ ìyàwó mi kàn. Bó bá kú, n ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. Kí ni mo tún ń ṣe nílé yìí?"

Mo yọ bébà tó ń yọ̀ kúrò nínú páálí tí mo gbé e sí, mo tẹ́ àkísà táwẹ́lì sí i kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Mo gé pílásítà tín-ín-rín, mo fi so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín.

O mọ̀ mí, n kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Ohun tí mo rí nìkan ni mò ń sọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, lásìkò tí ìyá yẹn, ìyàwó onílé, máa ń wọlé, ẹyẹ náà á dákẹ́, á yí orí sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, á na ọrùn. Mo ní ìmọ́lẹ̀ ni. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ta aṣọ sójú fèrèsé. Ó ṣì yí orí síbẹ̀. Mo yí páálí padà. Ó fi àyà wọ́, ó yí padà.

Ayálégbé kejì, obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, yọjú. "Ẹyẹ tí ẹni tó ni ín ti kú, tí ò lè rìn, tó tún ń wo nǹkan tí a ò rí? Kọ́pà, gbé ọbẹ̀ kaná jàre." Mo rẹ́rìn-ín. Onílé ò rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo tú pílásítà, mo gbé e dúró, ó ṣubú. Mo tún gbé e, ó tún ṣubú. "Ó ti tán nìyẹn," ni onílé wí. Ó jókòó, ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tan ohùn ìyàwó rẹ̀, èyí tó ti fi ránṣẹ́ sí i nígbà kan. Ìyá náà ń sọ fún un pé kó má gbàgbé oúnjẹ ẹyẹ tí yóò rà bọ̀ láti Ìgbàrà-Òkè, ó wá dá ọ̀rọ̀ dúró, ó kọjú sí àwọn ẹyẹ rẹ̀: "Kírí, kírí, ẹ máa bọ̀ o."

Ọmọ àparò dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó rìn. Mo rò pé ìdí fóònù ló ń lọ. Ó kọjá lára fóònù, ó gba àárín ẹsẹ̀ onílé kọjá, ó lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó wà ní títì, ó gbójú sókè, bí ẹyẹ ṣe ń wo ẹni tó gbé abọ́ dání. Onílé dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sẹ́nì kankan níta.

"O pẹ́ lónìí," ó rọra wí. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà mo kà pé ọmọ ẹyẹ a máa ti inú ẹyin gbọ́ ohùn, bó bá kù díẹ̀ kó jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ yẹn, ìyá ti wà nínú ilẹ̀ ní Oǹdó. Ó lè jẹ́ pé ohùn èyíkéyìí ló lè gbé e dìde. Mo fi ohùn tèmi dán an wò lọ́pọ̀ ìgbà. Kò tilẹ̀ yí orí. N ò sọ pé ìyá náà wá. N ò sì lè sọ mọ́ pé kò wá.

Ẹyẹ náà dàgbà, ó ń tiro díẹ̀. Onílé ò kó lọ mọ́. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣí ilẹ̀kùn. Ní tèmi, láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde nírọ̀lẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, bí a ti ń ṣe fún àgbà tó ń bọ̀ wọlé.