Lẹ́tà Kan Lẹ́yìn Orúkọ

Ọmọ mi obìnrin ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa orúkọ fọ́tò dà lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Màámi, ẹ sọ ọ́ lórúkọ tó bá wù yín, ẹ má ṣáà fọwọ́ kan lẹ́tà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn dọ́ọ̀tì yẹn. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kọ̀ǹpútà ò ní mọ bó ṣe máa ṣí i mọ́." Kò mọ̀ pé mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí n'Íjẹ̀bú-Òde kí n tó bí i.

Ayafọ́tò ni bàbá rẹ̀, tíṣà ni èmi. Àárò ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ ṣì ń sọ mí: òórùn kẹ́míkà, àga onígi tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, aṣọ ẹ̀yìn tí wọ́n ya òkun sí fún àwa tí a ò rí òkun rí. Ìkọ̀wé ọkọ mi nìkan ni mi ò fẹ́ràn. Ó dà bíi pé adìẹ ló rìn kọjá lórí àpò ìwé tó ń kó fíìmù sí.

Lọ́jọ́ kan tí iléèwé gba ọlidé, tí òun sì lọ ya fọ́tò ní Ìjagun, mo lẹ bébà funfun mọ́ orí àwọn àpò náà, mo fi ìkọ̀wé tíṣà tún orúkọ gbogbo wọn kọ. Ó kọ lẹ́tà Ò bíńtín sẹ́yìn àwọn orúkọ kan. Mo rò pé ó ń dán bírò wò ni, mo bá fò ó. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá àgbàlagbà kan wá láti Ayépé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ya fọ́tò lọ́dọ̀ wa ní oṣù bíi mélòó kan sẹ́yìn, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ yà láyé wọn. Ìyàwó náà ti wá kú.

Ó sọ fún mi pé, "Ìyàwó wa, bí fọ́tò náà ò tiẹ̀ tíì ṣe tán, jẹ́ n rí òjìji rẹ̀."

Mo rí orúkọ wọn kíá, mo tiẹ̀ yin ara mi. Mo tú bébà dúdú inú àpò náà, mo gbé fíìmù sókè sí oòrùn lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Mo ní kí bàbá jókòó de ọkọ mi.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó fi èékánná ha bébà mi kúrò, Ò sì yọjú. Òkùnkùn ni Ò náà dúró fún. Nínú àwọn ọdún 1980 wọ̀nyẹn, kẹ́míkà ṣọ̀wọ́n bí ojú, ọ̀pọ̀ fíìmù ni a ò tíì fi kẹ́míkà fọ̀, inú òkùnkùn nìkan la sì gbọ́dọ̀ ti ṣí wọn. Ìmọ́lẹ̀ ti ba ti bàbá jẹ́.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ òtítọ́ fún un. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Ó yíjú sí ọkọ mi.

"Ìwọ lo yà á. Báwo ni ìyàwó mi ṣe rí lọ́jọ́ náà?"

Ọkọ mi ní, "Wọ́n tún gèlè wọn wé lẹ́ẹ̀mejì, bàbá. Wọ́n tún fìlà yín ṣe. Mo ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rẹ́rìn-ín."

Bàbá dijú, ó ní kó tún un sọ.