Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Lábẹ́ Igi Àgbálùmọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga kọjá ẹnu ìkòkò omi Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, òyìnbó kan wá gbé inú agboolé wa ní Ọ̀yọ́. Ẹ má rò pé òyìnbó ìjọ tàbí òyìnbó iléèwé ni mo ń wí o. Ìyàwó ilé ni. Bùrọ̀dá Délé, àbúrò bàbá mi, ló fẹ́ ẹ nígbà tó lọ kàwé ní Dublin. Nóórà lorúkọ rẹ̀. Àpótí méjì ló gbé dé, pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́ta kan tó ń jẹ́ Kọ́lá, àti ohun kan tí àwa ọmọdé kò rí irú rẹ̀ rí: kẹ̀kẹ́ ọmọ, dúdú, gìrìwò, tó ní ìbòrí bí ìkarahun ìgbín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ gbálẹ̀ kí ẹ tó pọnmi, tí ẹ pọnmi kí ẹ tó fojú kan ẹ̀kọ àárọ̀, ẹ mọ̀ pé láyé ìgbà yẹn ọmọ kì í gbé inú kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn èèyàn lọmọ ń gbé. Bó bá kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, á bọ́ sẹ́yìn ìyá ẹlòmíràn. A wo kẹ̀kẹ́ yìí títí, a ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Àǹtí Nóórà náà ò mọ ohun tí àwa ń ṣe. Bí Màmá Àgbà bá ń wẹ Kọ́lá, tó fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti kànìnkànìn bó o, tó na apá, tó na ẹsẹ̀, tó wá jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà di ọmọ tí ń bẹ̀rù, ṣe ni Àǹtí Nóórà máa ń di ojú, tí ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà. Bó bá fi òkèlè kan ọbẹ̀, etí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n, imú á tẹ̀ lé e. Tí oòrùn bá mú, á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi, á jókòó tì í gbalaja bí ẹni tó ń rẹ ẹ̀wà. Àwa ọmọdé á sì pe ara wa wá wò ó.

Ṣùgbọ́n èyí tó rú gbogbo wa lójú jù ni ti àárọ̀. Bí Kọ́lá bá ti mu ọyàn tán, Àǹtí Nóórà á tẹ́ ẹ sínú kẹ̀kẹ́, á tì í lọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìnkùlé, á fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó, á sì wọlé. Ó ku ọmọ nìkan síta! Bùrọ̀dá Délé ṣàlàyé pé ní Rush, abúlé etí òkun tí wọ́n ti bí ìyàwó òun, bẹ́ẹ̀ ni ìyá gbogbo ń ṣe. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ máa ń mú kí ọmọ lágbára.

Màmá Àgbà gbọ́ ọ dópin. "Délé," ó ní, "afẹ́fẹ́ wo ni kò sí lẹ́yìn mi? Ẹja la sì ń fi àwọ̀n bò, kì í ṣe ọmọ èèyàn."

Bùrọ̀dá Délé rẹ́rìn-ín, kò túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, a wà nínú ìsinmi iléèwé. Màmá Àgbà rán mi lọ lọ ata. "Rónkẹ́, tètè dé o. Má lọ dúró ṣe suwé lọ́nà." Mo gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Kí ni mo rí? Oòrùn ti lé òjìji igi lọ, ó ti dé ẹsẹ̀ Kọ́lá. Adìẹ kan ń ṣa nǹkan jẹ lábẹ́ táyà. Ọmọ ò sùn, ọmọ ò sì sunkún. Ó kàn ń wo àwọ̀n. Àìsunkún yẹn ló dùn mí. Mo rò lọ́kàn mi pé ọmọ tí kò bá sunkún mọ́, ó ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ ni.

Mo fi aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ pọ̀n ọ́n, mo gbé abọ́ ata lérí, ó di ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn obìnrin ń yọ mí lẹ́nu: "Ìyá òyìnbó, ẹ kú ọmọ o!" Inú mi dùn, mo ń jó ọmọ lẹ́yìn. N ò ní parọ́ fún yín, nígbà tí mo ń bọ̀, mo ṣe suwé díẹ̀, tòun ti ọmọ lẹ́yìn.

Ẹnu ọ̀nà agboolé ni mo ti gbọ́ igbe. Àǹtí Nóórà ń sáré láti yàrá dé yàrá, kò wọ bàtà. Ó ń ṣí apẹ̀rẹ̀ wò. Ó tẹ̀ ba, ó ń wo inú kànga. Màmá Àgbà jókòó lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyàwó, fara balẹ̀. Ẹnì kan ló gbé e."

Àǹtí Nóórà ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nígbà yẹn. "Ta ni? Ta ni ẹnì kan?"

Màmá Àgbà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé àwọ̀ wo ni omi ní. "Ẹnì kan náà ni. Ṣé ọmọ ń sọ nù nínú agboolé ni?"

Bí Àǹtí Nóórà ṣe rí mi, ó já ọmọ gbà lẹ́yìn mi. Kò nà mí, kò bú mi. Ó wọ yàrá, mo sì gbọ́ tí irin àpótí ń ró, kó, kó. Ó ń di ẹrù.

Bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbọ́wọ́ sókè. "Ta ló rán ọ pé kí o gbé ọmọ ọlọ́mọ?" Kò pẹ́, Màmá Àgbà kọjá lára mi, ó ti ẹran kan bọ̀ mí lẹ́nu. "Jẹ ẹ́ jàre. Ohun tó yẹ lo ṣe." Ọwọ́ mi wà lókè, ẹran wà lẹ́nu mi, omijé ń dà. N ò mọ̀ bóyá ìyà ni mo ń jẹ ni àbí ẹran. Ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú: bí àpótí yẹn bá jáde, Kọ́lá lọ nìyẹn, èmi ni mo sì lé e.

Bùrọ̀dá Délé ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n sọ òyìnbó títí nínú yàrá. Nígbà tí Àǹtí Nóórà jáde, tó rí i pé mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó fà mí dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún mi, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan, Bùrọ̀dá Délé sì túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní kí ló dé tí o fi gbé e?"

Ẹ gbọ́, àgbàlagbà kankan ò bi mí ní kí ló dé rí. "Ta ló rán ọ" ni tiwa, ìyẹn ò sì ń fẹ́ èsì. Mo wo bàbá mi, mo wo Màmá Àgbà, mo ń wá èsì tí kò ní gba ẹgba fún mi.

"Ó dá wà ni, mà."

Àǹtí Nóórà jókòó pẹ̀lẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó na ìka sí fèrèsé yàrá rẹ̀ tó kọjú sí igi àgbálùmọ̀. Ó ní àga kan wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn, pé orí rẹ̀ ni òun ń jókòó sí lójoojúmọ́, tí òun ń wo ọmọ òun títí tó fi máa jí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni òun dìde lọ wẹ̀. Kọ́lá ò dá wà rí.

Gbogbo wa wo fèrèsé. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Màmá Àgbà dìde, ó lọ síbi kẹ̀kẹ́. Ó wá tú ìwérí rẹ̀, ó so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. "Délé, túmọ̀ èyí dáadáa. Láti òní lọ, ẹni tó bá gbé ọmọ yìí, kó so ìwérí rẹ̀ síbí. Àrokò ni. Bó bá rí tèmi, èmi ni. Bó bá rí ti Rónkẹ́, Rónkẹ́ ni. Kò ní sí ẹnì kan mọ́."

Àǹtí Nóórà rẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, mo yọ́ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àǹtí Nóórà. Àpótí ti padà síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ọjọ́ mìíràn wà tí ìwérí mẹ́ta máa wà lórí kẹ̀kẹ́ kan, tí ìyá ọmọ á máa tọpa rẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí mo ti ń gbé Huntstown, ní Dublin. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Rush, kí n lè fojú ara mi rí i. Oko ewébẹ̀ lọ títí dé ẹ̀bá òkun, atẹ́gùn sì ń bù mí létí jẹ. Ṣé ibí ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí? Orí mi tún wá dàrú sí i. Ẹni ibí ki ẹsẹ̀ bọ omi lọ́dọ̀ wa. Èmi ń wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta sùn lọ́dọ̀ tiwọn.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi Bísí, tó jẹ́ pé Huntstown níbí ló ti dàgbà, gbé ọmọ tuntun rẹ̀ wá bá mi gbé. Mo wẹ ọmọ tán láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bísí tẹ́ ẹ sínú kẹ̀kẹ́, ó tì í sí gádìnì ẹ̀yìnkùlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Bísí, kí nìyẹn?"

Ó fi gẹ̀ẹ́sì Dublin rẹ̀ dá mi lóhùn pé afẹ́fẹ́ ni, pé ọmọ wà grand, pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ló bá gba òkè lọ wẹ̀.

Mo dúró ti fèrèsé kíṣìnnì. Ibi tí Àǹtí Nóórà jókòó sí ni mo wà yìí. Ọwọ́ mi sì ti ń wá aṣọ ìpọnmọ. N ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni mo jẹ́. Mo mú un mọ́ra títí ojú ọ̀run fi ṣú. Mo jáde, mo pọn ọmọ, mo tú síkáàfù mi, mo so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Mo gbé ọmọ lọ sí yàrá mi, mo ń dúró de igbe.

Mo gbọ́ ilẹ̀kùn. N ò gbọ́ igbe. Bísí gòkè wá, ó mú síkáàfù dání. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbàgbé eléyìí síta, òjò ti pa á."

"Àyà ẹ ò já nígbà tí o ò bá ọmọ níbẹ̀?"

Ó wò mí gẹ́lẹ́ bí Màmá Àgbà ṣe wo Àǹtí Nóórà lọ́jọ́ kìíní àná. Ó ní, "Kí ló máa já a? Ta ló tún wà tó lè gbé e? Ṣebí ẹ̀yin nìkan náà ni."

Láyé ìgbà tiwa, ọwọ́ tó ń gbọ́mọ pọ̀ débi pé àrokò la fi ń dá wọn mọ̀. Mo sá síkáàfù náà sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Nígbà tó gbẹ, mo tún lọ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. N ò mọ ẹni tí mo so ó dè.