Sẹ̀rẹ́ńgì Ńlá Tí Mo Fi Ìkúnlẹ̀ Gbà

Ṣòkòtò ọmọdé kan ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ìròyìn náà dé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báàlì aṣọ òkèèrè kan ní ọjà Missèbo ni, eruku rẹ̀ ti kún imú mi, pẹ̀lú òórùn kan báyìí tó jọ ti ilé tí wọ́n ti tì pa láti ọjọ́ pípẹ́. Mo na ṣòkòtò náà sókè, mo ń wò ó bóyá yóò gba ọmọ mi, ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé mi ò mọ bí ìdí ọmọ mi ṣe tó mọ́. Mo máa ń kúrò nílé kó tó jí, bí mo bá sì fi máa padà dé, ó ti sùn. Tẹlifóònù dún lára mi. Bàbá tísà ni. Wọ́n ní, "Ìyá ọmọ, sẹ̀rẹ́ńgì ti dé o. Méjì péré ni. Tètè lọ mú ọ̀kan kí ará Ekpè yẹn tó kó méjèèjì lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí sẹ̀rẹ́ńgì wá ṣe láyé obìnrin tó ń ta aṣọ. Inú ọgbà kan náà ni èmi àti bàbá tísà ń gbé ní Agblangandan. Ará Pobè ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìdẹ rọ́bà ni wọ́n wá ń fi ọwọ́ ṣe: ẹja kéékèèké, rírọ̀, aláwọ̀ mèremère, tí àwọn tó ń fi ẹja pípa ṣeré lọ́jọ́ Sátidé máa ń fi sẹ́nu ìwọ̀ kí kútà, ẹja ńlá inú òkun, lè rò pé ẹja gidi ni. Omi rọ́bà kan wà, funfun bíi wàrà. Tí wọ́n bá gbé e kaná, á kọ́kọ́ ki bí ògì, lẹ́yìn náà á mọ́ gaara bí òróró. Wọ́n á wá fi sẹ̀rẹ́ńgì fà á. Ẹ má rò pé ti dókítà ni. Ọ̀pá irin oníhò ni, ó ní ọwọ́ ìtì lẹ́yìn, ó ní ẹnu ṣóńṣó níwájú. Ẹnu yẹn ni wọ́n á kì bọ ihò múùlù, ìyẹn irin méjì tí a dè pọ̀, tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán ẹja sí nínú. Wọ́n á tì í, rọ́bà gbígbóná á ṣàn wọlé, láìpẹ́ á dì, ó di ẹja.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n, sẹ̀rẹ́ńgì tiwọn náà ti gbó, ó ń jò. Wọ́n fẹ́ padà sí Pobè lọ sinmi. Wọ́n pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, wọ́n ní bí mo bá lè ní sẹ̀rẹ́ńgì tèmi, tí mo sì ṣe ìdẹ tí àwọn oníbàárà ń retí parí kí ìgbà ẹja tó wọlé, múùlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di tèmi, àwọn oníbàárà náà di tèmi. Bí mi ò bá lè ṣe é, ọkùnrin kan wà ní Ekpè tó ti ń bẹ̀ wọ́n tipẹ́. Mo wo àwọn irin yẹn bí ẹni ń wo kọ́kọ́rọ́ ilé. Iṣẹ́ tí mo lè máa ṣe nínú ọgbà, tí màá máa gbọ́ ohùn ọmọ mi! Kámíọ̀ ẹlẹ́rù ni bàbá ọmọ ń wà lọ sí apá òkè orílẹ̀-èdè, ó lè lo oṣù kan kó tó wálé. Ìyá aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa ló ń bá mi mójú tó ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà yẹn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbọ́ tó pe ìyá aránṣọ ní "Màmá," tó wá yíjú sí mi, tó pè mí ní "Tántì," bí àǹtí kan lásán. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wọlé, mo jókòó sórí báàfù tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀.

Bàbá ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yàn án. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá a mú, kí n wò ó bóyá àtàǹpàkò mi á dé ìdí rẹ̀ nígbà tí mo bá fà á gùn tán. Kí n fi ìka dí ẹnu rẹ̀ kí n fà á, bó bá ń mí, kò dáa. "Ẹja mẹ́rin ni múùlù mi ń gbà lẹ́ẹ̀kan," ni wọ́n wí. "Èyí tó bá lè kún ẹja mẹ́rin ti tó ọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú rẹ̀ ni rọ́bà máa dì sí. Kékeré ni kó o mú. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Mo ní mo ti gbọ́. Mo kàwé dé kíláàsì ìparí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo rò pé gbígbọ́ náà ni mímọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ni ìsọ̀ tí mo wà ní Missèbo. Obìnrin ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí ti ilé wa, ọkọ mi ni wọ́n. Èmi ni ìyàwó, mi ò jẹ́ dúró gangan bá wọn sọ̀rọ̀. Mo rò pé inú á bí wọn pé mo fẹ́ fi ìsọ̀ sílẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n ní àwọn gan-an ni àwọn máa ra irinṣẹ́ náà fún mi, kó jẹ́ ẹ̀bùn. Wọ́n wé gèlè, a gun ọ̀kadà sẹ́mì méjì, ó di ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò ìwọ̀ àti àwọ̀n ní Akpakpa.

Oníṣòwò tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Kékeré náà ń dán, mo gbé e, ó bá ọwọ́ mi mu bí ọmọrí odó tí èèyàn ti lò láti kékeré. Ńlá náà gùn tó apá ọmọ mi.

"Ọ̀gá, èwo ló lágbára jù?" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi í.

"Dadá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ń bèèrè? Ńlá yìí ni. Ti àwọn ọkùnrin ni."

"Ti àwọn ọkùnrin bí ti báwo? Ẹ wo ìyàwó mi dáadáa, ó ń gbé báàlì. Èmi ò ní wá ra ohun kékeré fún un kí àwọn èèyàn máa sọ pé mo láhun." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé èyí tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá tísà wà lẹ́nu mi. Mo gbé sẹ̀rẹ́ńgì kékeré sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ó jèrè wa, mà."

Nígbà tí bàbá rí i, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wò mí. "Ṣé èyí lo yàn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa.

Ohun tó tẹ̀ lé e, àárẹ̀ ni. Mi ò ní orúkọ mìíràn fún un. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń ti sẹ̀rẹ́ńgì yẹn, nígbà tó yá, mo ń gbé ìdí rẹ̀ ti àyà kí n lè fi gbogbo ara tì í. Kí múùlù kan tó kún, ìyókù rọ́bà ti ń dì nínú ọ̀pá. Màá dúró kó tutù, màá fà á jáde bí ẹni ń fa ìfun ẹran, màá tún un yọ́, tó bá sì ti di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ti pọ́n bí epo tí wọ́n ti fi dín àkàrà pẹ́ jù. Ẹja mi ò nírù. Ìrù yẹn sì ni gbogbo ìdẹ náà, òun ló ń mì nínú omi tí kútà fi ń tẹ̀ lé e. Ìyá aránṣọ á yọjú, á ní, "Ẹja arọ tún ti pọ̀ lónìí o!" Nítorí iná àti èéfín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ọmọ ṣì ń wà. Mo ti kúrò ní Missèbo, mo wà nílé, mi ò sì tíì rí ọmọ mi. Ó máa ń ṣa àwọn ẹja aláìnírù jọ, á tẹ́ wọn sórí ẹní, á ní, "Wọ́n ti sùn."

Lọ́jọ́ kan mo fi àyà tì í, rọ́bà gba ẹ̀yìn yọ. Ó dà sí mi lápá òsì. Mi ò kígbe, torí bí mo ṣe gbójú sókè, ọmọ mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹja kan lọ́wọ́. Ó ti sá fún ìyá aránṣọ, ó ń wá mi bọ̀. Ẹ̀kán rọ́bà kan ti bọ́ sílẹ̀, ó ń dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́, wọ́n wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wo apá mi, wọ́n wo sẹ̀rẹ́ńgì. Àárẹ̀ ló la ẹnu mi, kì í ṣe ìgboyà. Mo ní, "Ó tóbi jù, mà. Kékeré ni bàbá ní kí n mú."

"Ta ló wá ní kó o mú ńlá?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi! Kí lèmi mọ̀ nípa ẹja rọ́bà? Aṣọ ni mò ń tà! Ṣé mi ò bi ọ́ bóyá ó tẹ́ ọ lọ́rùn? O kúnlẹ̀, ò ń ṣàdúrà fún mi bí ẹni tó gba ẹ̀bùn ọba. Ìwọ tí mo ń fi yangàn pé ìyàwó mi kàwé!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi etí gèlè nu ojú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti gbọ́ òwe yẹn tó ìgbà tí mo ti gbọ́ orúkọ mi.

Wọ́n wé sẹ̀rẹ́ńgì náà sínú ìró, wọ́n ní ká lọ. Nígbà tí a dé Akpakpa, oníṣòwò ní òun ti ta kékeré fún ará Ekpè. Ekpè náà la gbà lọ. A bá ọkùnrin náà níwájú ilé rẹ̀, ó ń nu òógùn. Ẹja mẹ́jọ ni múùlù tirẹ̀ ń gbà, ó sì ní láti fa rọ́bà lẹ́ẹ̀mejì kó tó kún ọ̀kan. Ojú rẹ̀ tàn nígbà tó rí tiwa, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ sí i.

"Màmá, tí mo bá fún ìyàwó yín ní kékeré mi yìí, ṣé kò ní gba múùlù bàbá mọ́ mi lọ́wọ́?"

"Á gbà á," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. "Ìwọ náà á sì sinmi. Èwo lo fẹ́, múùlù bàbá arúgbó tàbí ọrùn ọwọ́ rẹ?"

Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. A pààrọ̀.

Mi ò lè purọ́, ìdẹ tí wọ́n ń retí ò pé kí ìgbà ẹja tó wọlé. Ọjọ́ tó ti lọ ti lọ. Nígbà tí bàbá ń di ẹrù, wọ́n yẹ ẹja mi wò níkọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ìka ta ìrù wọn. Wọ́n fún mi ní múùlù méjì, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀kẹta fún ará Ekpè. Mo gbé e lọ fúnra mi. Méjì yẹn ni mo ṣì ń lò dòní. Ó ṣì máa ń rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n àárẹ̀ tí mo yàn ni. Ọmọ mi ti ń lọ sí ilé ìwé, òun ló ń bá mi yan àwọ̀, èmi nìkan ló sì ń pè ní Màmá, àfi tí mo bá bá a wí.

Àpá náà ṣì wà lápá mi, ó rí bí ewé. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ti Ekpè dé, bí mo ṣe ń wẹ ọmọ mi, ó fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n fi di apá mi, ó bi mí pé ta ló jó mi. Mo ní èmi ni. Ó ní kí ló dé. Ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ló fẹ́ yé e níbẹ̀? Síbẹ̀ mo da omi sí i lẹ́yìn, mo sì sọ fún un pé: "Tí àgbà bá bi ọ́ pé èwo lo fẹ́, kúnlẹ̀ o, ọmọ mi, kúnlẹ̀ dáadáa. Tó o bá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, wá sọ èyí tó o fẹ́ fún wọn."